Bí Ọkọ̀ Wa Ṣe Tẹ́ Ní Aṣálẹ̀

Ẹ fìdí lé ilẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe láàrin yín, kí ó wú u tán nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá gbé ìkòkò sórí iná, kí ó sáré lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́. Èmi Ọdẹ́yalé ni mo ń sọ̀rọ̀, ọmọ bíbí Àgbọ̀nlé, èmi tí mo wọ inú igbó tí àwọn ọdẹ mìíràn ń wò láti òkèèrè, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún láàrin ọdún kan ṣoṣo.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ó dún yẹn? "Ṣììììì." Ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni ó ti ń wá, kí ìtàn yìí tó parí, ẹ ó mọ ohun tí í ṣe. Ó dára, ẹfọ̀n mẹ́fà ni mo pa. "Ṣììììì." Méjì ni. Ọ̀kan nínú wọn sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ẹ ti gbọ́ ìtàn igbó lẹ́nu ọdẹ, igbó tí igi rẹ̀ dí tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ń tọrọ àyè kí ó tó wọlé. Igbó tí èmi lọ kò ní igi kankan. Aṣálẹ̀ ni. Iyanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, iyanrìn ni òkè rẹ̀, iyanrìn ni iyọ̀ ọbẹ̀ tí ẹ bá sè níbẹ̀. Nínú igbó tiwa, ohun tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn igi ni ọdẹ ń bẹ̀rù. Ní aṣálẹ̀, kò sí ohun tí nǹkan lè fara pamọ́ sí, ìyẹn gan-an ni ẹ̀rù ibẹ̀: láti òwúrọ̀ ni ẹ ó ti máa wo ibi tí ẹ ń lọ, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó ṣì máa wò ó lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni ń wo ìlú baba ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè rìn ín já. Ọkọ̀ ni a fi ń ṣọdẹ rẹ̀.

Mo ní ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó sì yẹ kí ẹ mọ bí ó ṣe di tèmi. Ó kú mọ́ àwọn tí ó wá la ọ̀nà ní ìlú wa lọ́wọ́, wọ́n pa á tì sábẹ́ igi òdán, ewúrẹ́ sì ń bímọ sínú rẹ̀. N kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ti ń kun ẹran. Mo tẹ́ ẹní mẹ́rin sílẹ̀, mo sì kun ọkọ̀ náà bí mo ṣe ń kun ẹtu. Ohun tí ó wà lápá ọ̀tún, mo tò ó sórí ẹní ọ̀tún. Ohun tí ó wà lápá òsì, mo tò ó sórí ẹní òsì. Ti inú lọ́tọ̀, ti abẹ́ lọ́tọ̀. Mo ń wò ó, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń fi èyí kan ìyẹn títí mo fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Mo rí i pé rédíétọ̀ ni ibi tí ó ti ń làágùn, páípù epo ni iṣan rẹ̀, bátìrì sì ni ohun tí ń jí i lójú oorun. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò. Nígbà tí mo tò ó padà tán, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, títí di òní olónìí n kò mọ ibi tí ó ti jáde. Òun ni ó wà ní ọrùn mi yìí. Ọkọ̀ náà sì dún! Mo sọ ọ́ ní Ẹfọ̀n.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé Ẹfọ̀n lọ sí aṣálẹ̀ kí ó tó di ìgbà tí mò ń sọ yìí. Mo kọjá Kánò, mo kọjá ẹnubodè, mo dé ìlú tí wọ́n ń pè ní Igi-Kan-Ló-Kù, níbi tí igi ìkẹyìn wà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí oòrùn tó kan àtàrí ni táyà ẹ̀yìn ti rì. Ràkúnmí márùn-ún ni ó fà mí jáde, ọ̀kan nínú wọn sì tutọ́ sí mi lójú. Ní ìgbà kejì, mo rí adágún omi kan níwájú. Mò ń lé e, ó ń sá. Èmi tí mo ti lé ẹtu rí, mo wá rí omi tí ó ń sáré ju ẹtu lọ. Kí n tó mọ̀ pé ojú mi ni ó ń tàn mí, rédíétọ̀ ti hó gbẹ, omi mímu mi ni mo fi bọ́ ọ títí mo fi rá padà dé ibi tí mo ti kúrò.

Òtítọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo sọ nílé. Nílé, mo ní mo là á já. Mo ní mo rí òkun ní òdìkejì, mo sì fi ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n bi mí bí ọ̀nà ti rí, ẹnu mi kò kọ́. Mo ní, "Ẹ ó máa lọ tààrà títí ẹ ó fi rí àpáta mẹ́ta tí ó dúró bí ààrò ìdáná. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti yà sí òsì. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà dán bí àwo tánganran." N kò rí àpáta kankan rí o. Ààrò ìyàwó mi ni ó wà níwájú mi nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀, òun ni mo tẹjú mọ́.

Láníyọ̀nú wà láàrin àwọn tí ó gbọ́ mi. Àbúrò Ìbídùn ìyàwó mi ni, ó ń ta obì, ó sì ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí àna ẹni tilẹ̀ kéré bí ọmọńdinrín, àna ni, dandan ni kí a dọ̀bálẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mo nà gbalaja fún gbogbo ìdílé wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Láníyọ̀nú, mo wo irùngbọ̀n rẹ̀ tí kò tíì hù, mo kàn tẹ orí ba díẹ̀ bí àkùkọ tí ń wọ ẹnu ọ̀nà gíga, mo sì lọ jókòó. Ó rí i. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé ó gbà mí gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ọjọ́ kan tí mo wà lóko, ó kó obì kún ọkọ̀, ó sì kọrí sí aṣálẹ̀.

Oṣù kan kọjá, a kò gbúròó rẹ̀. Ìbídùn di ẹrù rẹ̀, ó wá dúró tì mí.

"Bàbá Wándé, ẹ dìde, ẹ gbé ọkọ̀ yín."

"Níbo là ń lọ?"

"Aṣálẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní apẹja kò gbọdọ̀ máa bẹ̀rù odò. Mo dìde.

Ní Igi-Kan-Ló-Kù, a bá baba oníràkúnmí kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iyanrìn bọ̀. Ó ní òun rí Láníyọ̀nú. Ọkọ̀ rẹ̀ ti rì dé ikùn lẹ́bàá àpáta mẹ́ta kan. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ kí ó gun ràkúnmí kí àwọn jọ padà, ó kọ̀. "Ó ní òun kò ní fi obì òun sílẹ̀," ni baba náà wí, "pé àna òun ń bọ̀ lọ́nà, pé àna òun mọ ọ̀nà yìí bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti yà sí òsì bí ẹ ṣe wí, òun kò rí ọ̀nà o. Mo fi ìgò awọ omi kan sílẹ̀ fún un. Bí ó bá ṣọ́ ọ mu, omi náà kò lè ré kọjá ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

Àpáta mẹ́ta wà lóòótọ́! Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju kí ó máà sí lọ. Irọ́ tí mo fi ẹnu ara mi pa ti lọ jókòó dè mí nínú aṣálẹ̀. Ìbídùn kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ mọ ibẹ̀," mo sì ń yẹ inú ẹ́ńjìnnì wò bí ẹni pé mo sọ nǹkan kan nù síbẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì a wọ inú iyanrìn. Mo ti di àpò ìdọ̀họ tútù bo iwájú rédíétọ̀, kí atẹ́gùn tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lè tutù kí ó tó kan irin. Mo kó pákó fífẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, mo kó àgbá omi mẹ́ta, mo sì gbé pọ́ọ̀ǹpù táyà sábẹ́ ìjókòó. Ohun tí n kò ní ni ọ̀nà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí, a rí obìnrin kan tí ó dá dúró ní àárín iyanrìn, ó ga bí ọ̀pẹ, ó sì ru ìdì kan tí ó dúdú bí aṣọ ẹ̀tù. Òjìji rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá bí ọdẹ. Kò ní òjìji rárá.

"Ẹ wá ra ìbòòji o!" ni ó ń kígbe. "Mo ní ìbòòji igi ọsàn, mo ní ti ẹ̀yìn ògiri, mo ní ti agbòjò!" Ó sọ ìdì rẹ̀ kalẹ̀, ó tú u. Òjìji ni lóòótọ́, ó ká wọn bí a ti ń ká aṣọ, mo sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ní orí àti apá: òjìji àwọn arìnrìn-àjò ni ó fi ń tajà.

Mo ní, "Ìyá Oníbòòji, a kò rajà. Àpáta mẹ́ta ni à ń wá."

"Ha! Àwọn yẹn kì í jókòó síbi kan. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí wọ́n wà lónìí. Fún mi ní òjìji rẹ, n ó júwe fún ọ. Òjìji ọdẹ kò tíì sí nínú ọjà mi."

"Kí ni mo fẹ́ fi òjìji ṣe?" ni mo dáhùn. "Ṣùgbọ́n òjìji mi kì í ṣe èyí tí a ń nà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí o nawọ́ mú un. Bí o bá gbé e, o gbé e lọ. Bí o kò bá lè gbé e, o ó júwe fún wa lọ́fẹ̀ẹ́."

"Mo gbà!"

"Dúró ná. Ṣé o kò ní gé e sí wẹ́wẹ́?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ná an. Mo bi í bí yóò ṣe máa fọ̀ ọ́. Mo bi í bóyá yóò tà á fún olóṣèlú. Mo ní òjìji mi máa ń hanrun. Ó ń dáhùn, mo ń bi í, Ìbídùn ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà pé ọjọ́ ń lọ. Ṣé òun kò mọ̀ pé ọjọ́ tí ń lọ náà ni mò ń dúró dè? Nígbà tí oòrùn dúró ṣánṣán lórí wa, mo so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo ní, "Ó yá, mú un."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́. Kò sí nǹkan kan. Ó wo iwájú mi, ó wo ẹ̀yìn mi.

"Níbo ni ó wà?"

"Abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ṣùgbọ́n o ti nawọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín. "Nítorí irú èyí ni mo ṣe fẹ́ ẹ yín," ni ó wí, orí mi sì wú. Ìyá Oníbòòji náà kò lè ṣe kí ó má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí ó ní eyín ni. Ó nàka sí apá àríwá. Ó ní, "Ẹ ó rí wọn kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Agbémì wà lójú ọ̀nà, a kì í fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Ohun tí ó bá fẹ́ kọjá lórí Agbémì, ó gbọ́dọ̀ tẹ́."

Mo gbéra sọ. "Èmi Ọdẹ́yalé? Èmi kò tẹ́ rí láyé mi!"

"A ti gbọ́," ni ó wí, ó sì di ìdì rẹ̀.

A kò tíì rìn pẹ́ tí a fi rí àpáta mẹ́ta náà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n dúró gẹ́lẹ́ bí ààrò Ìbídùn. Ọkọ̀ Láníyọ̀nú wà lẹ́sẹ̀ wọn bí èèrà. Ibẹ̀ gan-an ni Ẹfọ̀n ti kérora, ó sì dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti wọlẹ̀. Mo ti pákó sábẹ́ wọn, ọkọ̀ gbé pákó mì. Mo gbẹ́ iyanrìn, iyanrìn padà. Mo wá ṣe ohun tí baba mi ń ṣe bí ìṣòro bá dójú ẹ̀: mo gbé oríkì kalẹ̀. Mo pa ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbóhùn sókè:

"Ẹfọ̀n, a-rìn-gbọ̀n-ilẹ̀!
Akẹ́rù-má-kérora, ọkọ àwọn òkè!
Irin tí ó dé tí òpópónà yà sápá kan,
Má ṣe bí ẹran ilé lónìí, ẹran igbó ni ọ́!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí oríkì ń ṣe. Bí a bá ki ènìyàn, orí rẹ̀ a wú. Ọkọ̀ kò ní orí; táyà ni ó ní. Táyà Ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wú! Mo fi ojú ara mi rí i. Ó ń le, ó ń rí roboto bí akèrègbè, bí ó sì ti ń rí roboto ni ibi tí ó fi kan ilẹ̀ ń kéré sí i, ó wá ń gún iyanrìn bí ẹni tí ó wọ bàtà gogoro sínú ẹrẹ̀. Mo rò pé kíkì náà kò tó ni, mo tún fi oríkì ìyá rẹ̀ kún un. Ọkọ̀ rì dé ikùn.

"Ẹ kú ìrì o," ni ohùn kan wí.

Baba kékeré kan jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò ga ju odó lọ. Iyanrìn ni gbogbo ara rẹ̀. Ó ń jò ní ìgúnpá, ó sì ń gbá a jọ padà sí èjìká pẹ̀lú sùúrù.

"Agbémì ni mí," ni ó wí. "Ẹ má ṣe jẹ́ kí àyà yín já, àyè gbà yín. Ọkọ̀ mọ́kànléláàádọ́ta ni ó wà nínú mi. Dẹ́rẹ́bà kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó ṣì ń tẹ fèrè."

Mo ní, "Baba, ẹ jọ̀wọ́, a ń kánjú lọ gba ènìyàn là."

"Gbogbo wọn ni wọ́n ń kánjú. Àlọ́ kan ni mo máa ń pa fún àlejò. Kí ni a ń tẹ́ lójoojúmọ́, tí ojú kì í tì í?"

Mo ronú. Mo ní, "Olè." Ó mi orí, ọkọ̀ sọ̀ sí i ní ìka kan. Mo ní, "Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń bú." Ọkọ̀ tún sọ̀.

"Ẹ dákẹ́ ná!" ni Ìbídùn wí. "Ẹ ó fi ìdáhùn rì wá. Ẹní ni, Baba. Ojoojúmọ́ ni a ń tẹ́ ẹní, ojú kò tì í rí."

Agbémì pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan já bọ́, ó mú un padà. "O káre. Ó yá, ẹ ṣe bí ẹní. Bí òjìji ọkọ̀ yín bá fi kan òkúta funfun yẹn tí ohun tí mo gbé lẹ́nu kò bá tíì tẹ́, n ó gbé e mì."

Èmi kò tíì lóye, ṣùgbọ́n Ìbídùn ti ká aṣọ sókè. Ó dojú kọ Ẹfọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ bá a gbé àdúgbò mọ̀ pé ìyàwó mi kì í bú ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀, ajá a wọlé. Ó ní, "Wò ọ́! Wọ́n ń pè ọ́ ní Ẹfọ̀n, ilé ìgbẹ̀bí ewúrẹ́! Ọkọ̀ tí wọ́n kun bí ẹran, tí wọ́n tò padà tí nọ́ọ̀tì ṣẹ́kù! O ń kérora lórí òkè, o ń húkọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kẹ̀kẹ́ oníbùrẹ́dì ń yà ọ́ sílẹ̀ lọ́nà oko! Ojú kò tilẹ̀ tì ọ́, o tún ń wú!"

Àánú ọkọ̀ mi ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí táyà mí kanlẹ̀: "Ṣììììì." Ó ń joro. Ó ń rọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí iyanrìn. Ojú mi wá là! Mo rántí ẹsẹ̀ ràkúnmí tí ó fà mí jáde ní ọjọ́sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le bí pátákò ẹṣin. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó ń fẹ̀, iyanrìn a sì gbé e. Abájọ tí ó fi tutọ́ sí mi lójú! Ẹni tí ó bá tẹ́, Agbémì kò rí ibi gé e jẹ. N kò dúró de èébú mọ́. Mo fa ìṣó kan yọ, mo ṣí ìdérí imú táyà, ibi tí a máa ń fẹ́ atẹ́gùn gbà, mo fi ìṣó tẹ inú rẹ̀. Mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé irin: ó tó ìbú ọwọ́ méjì, ó kù ọ̀kan àbọ̀, mo dá a dúró níbẹ̀, nítorí bí ó bá tẹ́ jù, irin yóò gé rọ́bà. Mo ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Mo wọlé, mo ki jíà kékeré bọ̀ ọ́, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹfọ̀n dìde kúrò nínú ihò bí ìyá àgbà tí ń dìde lórí ẹní!

Ó rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ó dúró. Apá ọ̀tún nìkan, abẹ́ ibi tí mo jókòó sí, ni ó tún ń rì.

Agbémì gba ojú fèrèsé yọjú. "Ọkọ̀ ti tẹ́," ni ó wí. "Dẹ́rẹ́bà ńkọ́?"

Mo wo òjìji ọkọ̀. Kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí òkúta funfun. Mo wo iwájú, mo rí aṣọ funfun kan tí ń fì lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́sẹ̀ àpáta. Láníyọ̀nú ni. Ó ń juwọ́ sí mi bí ẹni tí ó ti mọ̀ pé n ó wá. Mo ti dojú kọ ẹkùn, ẹ̀yin ènìyàn mi, lẹ́nu kan ni mo sọ ọ́, mo sì wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò dún, nítorí òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò wúwo níwájú ẹkùn bí ó ti wúwo nínú ọkọ̀ yẹn.

"Ìyá Wándé," mo ní, "n kò mọ ọ̀nà yìí."

"Kí lẹ wí?"

"N kò là á já rí. Lẹ́ẹ̀kìíní, ràkúnmí ni ó fà mí jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, mo lé omi tí kò sí. N kò fi ẹsẹ̀ bọ òkun. Àpáta mẹ́ta tí mo sọ, ààrò rẹ ni mò ń wò."

Ó wò mí bí a ti ń wo ọbẹ̀ tí aláǹgbá já sí. "Ààrò mi," ni ó wí. "Ààrò mi ni àbúrò mi bá lọ sí aṣálẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi náà sì ń gbéraga káàkiri àdúgbò pé ọkọ mi rí òkun."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò bú mi. Ìbá sàn kí ó bú mi. Ó kàn yí ojú sí iwájú, ó ní, "Ẹ wakọ̀." Mo rí i pé nǹkan kan jò jáde láti inú àyà mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀, ìjókòó sì fúyẹ́ lábẹ́ mi. Ẹfọ̀n gbéra. Ó ń lọ lórí iyanrìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ọwọ́ tí ń lọ lórí aṣọ àrán. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ ohùn baba náà: "Ẹ kú ìtẹ́ o!"

Ìgò awọ Láníyọ̀nú ti gbẹ láti ọ̀sán, ó sì ti fún un bí aṣọ. Obì ni ó kù tí ó ń jẹ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí obì ń ṣe sí oorun: ọjọ́ márùn-ún ni kò ti dijú. Ojú rẹ̀ là kedere bí ti òwìwí, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró. Kí a tó fún un ní omi tán ni ó ti ń wí pé, "Mo mọ̀! Mo sọ fún àpáta àárín pé àna mi ń bọ̀, ti ẹ̀gbẹ́ ní irọ́ ni, èmi àti òun kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ káàbọ̀! Àna mi, mo yà sí òsì o, ṣé òsì tèmi ni àbí òsì àpáta? Ó yá, ẹ fi ọ̀nà hàn mí, ká máa lọ sí òkun."

Ìbídùn yíjú sí mi. Ó kàn ń wò mí.

Mo bọ́ fìlà. Mo bọ́ àpò ọdẹ. Mo wo Láníyọ̀nú tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti wá hù, mo sì nà gbalaja sórí iyanrìn gbígbóná níwájú rẹ̀, àyà kan ilẹ̀, àgbọ̀n kan ilẹ̀, bí ó ti yẹ kí n ṣe ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo ní, "Àna mi, kò sí ọ̀nà. Irọ́ ni mo pa. Ẹ dárí jì mí." Mo ń retí pé iyanrìn yóò gbé mi mì. Iyanrìn gbé mi ró.

Ó dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Mo fẹ́ dìde.

"Rárá o," ni ó wí, "ẹ dúró síbẹ̀ ná. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń dúró de èyí, ẹ jẹ́ kí n wò ó dáadáa." Ó yí mi po. Ó jẹ obì kan tán lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ẹ dìde, àna mi. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà, tí ó sì wá, ó ju ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ." Kí n tó gbọn iyanrìn nù tán, ó ti ń hanrun lábẹ́ ọkọ̀.

Mo tú atẹ́gùn táyà rẹ̀ bí mo ti tú tèmi, ìbú ọwọ́ kan àbọ̀, a fi okùn so ó mọ́ Ẹfọ̀n, ó jáde. A kò lọ sí òkun. Ipa táyà wa ni a tọ̀ padà sí Igi-Kan-Ló-Kù, níbẹ̀ ni mo ti fi pọ́ọ̀ǹpù fẹ́ táyà mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀nà líle kò fẹ́ èyí tí ó tẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀.

Ìtàn náà nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ sọ pé ẹ mọ ọdẹ kan tí ó gbé ọkọ̀ lọ sí aṣálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò là á já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dákẹ́? Ìbídùn ni ó wà níbẹ̀, ó ti so ìdérí imú táyà kan mọ́ etí aṣọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí mo bá ti ń wú, òun ni yóò ṣe bí táyà. Nǹkan tí ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé láti ìgbà náà, kò sí ọdẹ kan ní gbogbo ilẹ̀ yìí tí ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó mi, kò sí èyí tí ó lè sọ òtítọ́ tó mi, àní bí wọ́n bá kó gbogbo onírẹ̀lẹ̀ ayé jọ, èmi Ọdẹ́yalé ni ọba wọn...

"Ṣììììì."

Ó tó. Mo ti gbọ́, Ìyá Wándé. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín.